Wọ́n Ní A Pọ̀ Jù, Síbẹ̀ Aṣòfin Méjì Péré Ni A Ní

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yìí síta, nítorí inú ti ń bí mi láti Sátidé tó kọjá. Wọ́n pè wá sí ìpàdé ará ìlú kan ní apá Ìgàǹdó, ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ wa, wọ́n ní kí a wá sọ ohun tí a fẹ́ kí ìjọba ṣe fún wa. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni mo ti débẹ̀. Nọ́ńbà tí wọ́n fún mi jẹ́ 186. Ọ̀rọ̀ gọ́tà tó wó ní àdúgbò wa ni mo gbé lọ, mo tilẹ̀ ti kọ ọ́ sínú ìwé kí n má baà fi àkókò wọn ṣòfò. Títí aago kan ọ̀sán, ẹni mẹ́tàdínlógún péré ló tíì sọ̀rọ̀. Ni òṣìṣẹ́ kan bá dìde, ó ní kí a máa lọ sílé. Ó ní, “Ẹ̀yin ará Alímọ̀ṣọ́, ẹ pọ̀ jù.”

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé ọkàn. A pọ̀ lóòótọ́. Bí a ṣe pọ̀ tó yìí, kí ló dé tó fi jẹ́ pé aṣòfin méjì péré ni a ní nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ Èkó?

Ẹ wo ìṣirò rẹ̀. Nígbà ìkànìyàn ọdún 2006, Alímọ̀ṣọ́ lé ní 1,250,000. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, tí kò gba ìkànìyàn yẹn, kà wá fúnra rẹ̀, ó ní 2,047,026 ni wá. Nínú ìkànìyàn 2006 kan náà, Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí jẹ́ 117,481, Ẹ̀pẹ́ jẹ́ 181,409. Aṣòfin méjì ni Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí ní, méjì ni ti Ẹ̀pẹ́, méjì náà ni tiwa. N kò bá ará Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí jà o. Ẹni wa ni wọ́n. Àmọ́ èèyàn mẹ́wàá ní Alímọ̀ṣọ́ kò tó ẹnì kan lọ́dọ̀ wọn bí a bá dé orí ọ̀rọ̀ aṣòfin. Ti ilé aṣojú-ṣòfin ní Àbújá tilẹ̀ burú ju èyí lọ: Erékùṣù Èkó, tó jẹ́ 209,437, ní aṣojú-ṣòfin méjì, Alímọ̀ṣọ́ ní ẹyọ kan.

Ọdún 1986 ni mo kó dé ibí. Oko ẹ̀gẹ́ ló wà lẹ́yìn ilé wa nígbà náà. Ilẹ̀ àwọn Àwórì ni, abẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ló sì wà kí wọ́n tó dá ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ lọ́dún 1967. Nígbà tí Jákàńdè kọ́ ilé sí Abẹ̀sàn, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ wá. Ẹni tí kò lè san owó ilé mọ́ ní Múṣin àti Ìsàlẹ̀ Èkó, ọ̀dọ̀ wa ló wá ra ilẹ̀ sí. Lónìí, Àwórì, Ìjẹ̀bú, ará Ọ̀yọ́, Ìgbò àti Ègùn ló ń gbé ní òpópónà wa nìkan. Aago mẹ́rin àbọ̀ ìdájí ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń jáde lọ síbi iṣẹ́, wọn kì í sì í wọlé kí aago mẹ́sàn-án alẹ́ tó lù.

Àwọn wọ̀nyí ni olùdìbò wa, àwọn náà ni àwọn aláṣẹ ń pè ní ọ̀lẹ nítorí pé wọn kì í jáde dìbò. Èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù méje ló forúkọ sílẹ̀ ní Èkó fún ìbò ọdún 2023, ìbò ààrẹ tí wọ́n sì dì kò pé mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀. Ọ̀dọ́kùnrin tó ń gbé yàrá iwájú lọ́dọ̀ mi bi mí pé, “Mama, tí mo bá dìbò, ta ló máa rí mi láàárín gbogbo èrò yìí?” N kò rí èsì fún un.

Ohun tí mo ń fẹ́ ni kí INEC, àjọ elétò ìdìbò, tún ẹkùn ìdìbò pín. Òfin ilẹ̀ wa, abala 113, sọ pé kí iye èèyàn inú ẹkùn kọ̀ọ̀kan sún mọ́ra tó bí ó bá ti ṣeé ṣe. Abala 114 gbé iṣẹ́ àtúnyẹ̀wò lé INEC lọ́wọ́. Síbẹ̀, ìpín ọdún 1996, ayé ológun, ni a ṣì ń lò. Lọ́dún 2021, INEC sọ ibùdó ìdìbò di 176,846 láti 119,974, èyí tó fi hàn pé wọ́n mọ̀ pé àwọn èèyàn ti ṣí kúrò níbi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀. Kí ló dé tí wọn kò fọwọ́ kan ẹkùn?

Àga ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ogójì lọ, ogójì gan-an sì ni Èkó ní. Ẹ pín 9,013,534 tí wọ́n kà ní gbogbo Èkó sí ọ̀nà ogójì. Ẹkùn kan kò ní ju bí 225,000 lọ. Márùn-ún, ó kéré tán, ló tọ́ sí Alímọ̀ṣọ́. Ààlà rẹ̀ kò sì le láti fà. Láti ọdún 2003 ni ìjọba Èkó ti pín wa sí mẹ́fà: Àgbàdo-Òkè-Odò, Àyọ̀bọ̀-Ìpájà, Ìkọ̀tún-Ìgàǹdó àti àwọn yòókù. Kí INEC tẹ̀ lé ojú ààlà yẹn. Mo mọ̀ pé àwọn ibòmíràn yóò pàdánù àga, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni nínú àwọn aláṣẹ kò fi fẹ́ dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ fún wa mọ́ pé a pọ̀ jù, nígbà tí ẹ kò kà wá bí a ṣe pọ̀ tó.

Kí wọ́n tún ẹkùn àwọn aṣojú-ṣòfin ti Àbújá pín pẹ̀lú. Kí wọ́n sì máa ṣe ìpàdé ará ìlú ní àdúgbò sí àdúgbò.

Òjò ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì láti Sátidé. Omi gọ́tà yẹn wọ pálọ̀ àwọn ayálégbé mi méjì.

Emi ni tiyín nítòótọ́,
Olùkọ́ fẹ̀yìntì kan,
Ìgàǹdó, Èkó.