Wo Bí Àwọn Alágbára Ti Ṣubú

Ẹ̀yin ará nínú Kristi,

Ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ni orílẹ̀-èdè wa ń ṣe ìrántí àwọn ọmọ ogun tó ti kú, nítorí pé ọjọ́ náà ni ogun abẹ́lé parí ní ọdún 1970. Nínú ìsìn ìrántí wa, a máa ń ka ewì tí akéwì Gẹ̀ẹ́sì kan, Laurence Binyon, kọ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1914, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, èyí tó sọ pé àwọn tó kú kò ní darúgbó bí àwa tó ṣẹ́kù ti ń darúgbó. Lẹ́yìn ìsìn ọdún tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan bi mí pé kí ni ewì ogun àtijọ́ ń wá nínú ilé Ọlọ́run lónìí, ìbéèrè náà kò sì kúrò lọ́kàn mi láti ìgbà náà.

Ewì ogun ti wà nínú Bíbélì wa tipẹ́ kí Binyon tó kọ tirẹ̀. Nígbà tí Sọ́ọ̀lù àti Jónátánì kú lórí òkè Gílíbóà, Dáfídì kọ orin arò, ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ Júdà. Ohun tó máa ń mú mi dúró níbẹ̀ ni pé Sọ́ọ̀lù kan náà tó ju ọ̀kọ̀ sí i ni Dáfídì ń sunkún fún, kò sì mẹ́nu ba ọ̀kọ̀ náà rárá. Ó fẹ́ràn ilẹ̀ rẹ̀ débi pé kò fẹ́ kí ìròyìn náà dé Gátì, ìlú àwọn ọ̀tá, síbẹ̀ kò sọ pé ikú náà dùn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ké pé àwọn alágbára ti ṣubú. Àwọn baba wa ní bí a bá ń sunkún, à ń ríran; Dáfídì sunkún, ó sì ríran.

Àwa oníwàásù gan-an ni ó yẹ kí a fi èyí ṣọ́ ẹnu wa. Ní ọjọ́ Àjíǹde ọdún 1915, wọ́n ka ewì Rupert Brooke, akéwì Gẹ̀ẹ́sì tó wọṣẹ́ ogun, lórí àga ìwàásù ní kàtídírà Pọ́ọ̀lù Mímọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, ewì tó fi ikú jagunjagun hàn bí ohun tó lẹ́wà. Ọjọ́ 19 lẹ́yìn náà, Brooke kú nínú ọkọ̀ ojú omi. Àìsàn ló pa á, kì í ṣe ìbọn. Wilfred Owen, akéwì ọmọ ogun mìíràn tó gbé inú kòtò ogun, kọ̀wé pé irọ́ àtijọ́ ni pé ó dùn láti kú fún ilẹ̀ baba ẹni, wọ́n sì pa òun náà nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí ogun parí ní 1918. Ewì Brooke dára létí, ṣùgbọ́n n kò lè kà á níwájú opó.

Ìyá kan wà láàárín wa tí ọmọ rẹ̀ kú sójú ogun ní Borno. Ó máa ń mú àwòrán ọmọ náà wá sí ìsìn, ó fi ọ̀rá wé e. Bí fèrè bá ti dún, yóò máa fi àtẹ́lẹwọ́ nu ọ̀rá náà bí ẹni ń nu ojú ọmọdé. Orin tó ń pe àwọn ọ̀dọ́ wa sí ìjà ẹ̀yà sì kún orí fóònù wọn, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó rántí irú ìyá bẹ́ẹ̀. N kò lè pe ìyẹn ní ìfẹ́ ilẹ̀ baba.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, lẹ́yìn ewì Binyon, ọ̀dọ́mọkùnrin tó bi mí léèrè yóò ka Sámúẹ́lì Kejì, orí 1, ẹsẹ 17 sí 27. Kí ìdílé tó bá ní olóògbé kọ orúkọ rẹ̀ fún akọ̀wé ìjọ kó tó di ọjọ́ Jímọ̀, ìbáà ṣe ti Bọ́má nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ti ogun abẹ́lé ní ìhà yòówù tó jà sí, tàbí ti òde òní. A óò pe orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, a kò sì ní kánjú.