Lẹ́tà sí Àkànní Lórí Ogún Plas Newydd

Àkànní ọmọ mi,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà láti Bangor, mo sì ka ibi tí o ti ní kí n jẹ́ kí o fi ìwé ilé bàbá àgbà rẹ yá owó ní báńkì. Kí n tó dá ọ lóhùn, jẹ́ kí n bá ọ sọ̀rọ̀ nípa Plas Newydd, ilé ńlá etí omi tí o lọ wò ní erékùṣù Anglesey, ní ilẹ̀ Wales níbẹ̀.

Ní 1898 ni Henry Cyril Paget jogún ilé náà pẹ̀lú oyè Marquess karùn-ún ti Anglesey, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 23. Baba ńlá rẹ̀ tó kọ́kọ́ jẹ oyè náà ni jagunjagun tó pàdánù ẹsẹ̀ kan lójú ogun Waterloo ní 1815. Ohun tó ń wọlé fún Henry lọ́dọọdún tó nǹkan bíi 110,000 pọ́ùn. Ó sọ ilé àdúrà inú ilé náà di gbọ̀ngàn eré, ó gba àwọn òṣèré síṣẹ́, òun fúnra rẹ̀ sì ń jó lórí ìtàgé nínú aṣọ tí òkúta iyebíye bò. N kò ka ijó sí ẹ̀ṣẹ̀; ta ni kò mọ̀ mí ní ìdí egúngún? Àwìn tó ń rà ló ká mi lára. Orúkọ ìdílé rẹ̀ làwọn oníṣòwò ń wò tí wọ́n fi ń tajà fún un, títí gbèsè ọrùn rẹ̀ fi ju 500,000 pọ́ùn lọ ní 1904. Ogójì ọjọ́ gbáko ni wọ́n fi lu ẹrù rẹ̀ ní gbàǹjo, títí kan aṣọ ọrùn rẹ̀. Ó kú ní Monte Carlo ní ọdún tó tẹ̀ lé e, kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún.

O lè rò pé òwe ọmọ tí a kò kọ́ ni mo fẹ́ pa. Rárá o, nítorí pé gbogbo gbèsè yẹn kò gbé ilé náà lọ: ọ̀dọ̀ ìbátan rẹ̀ tó jẹ oyè lẹ́yìn rẹ̀ ni ó bọ́ sí, ìdílé náà ló sì fà á lé National Trust, ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú àwọn ilé àtijọ́, lọ́wọ́ ní 1976, tí ìwọ fi rí i wò. Láyé ìgbà náà, láàárín àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ wọn, ẹni tó wà lórí oyè sábà máa ń jẹ èrè ilẹ̀ ni, kì í ṣe ilẹ̀ fúnra rẹ̀.

Bí ilé bàbá mi náà ṣe rí nìyẹn. Èmi gan-an kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ìwé rẹ̀ dúró láìjẹ́ pé àwọn ẹ̀gbọ́n mi jókòó lé e lórí, n kò sì ní bẹ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n owó ilé tó kàn mí lọ́dún yìí, tìrẹ ni. Kọ gbogbo gbèsè tí o jẹ sínú ìwé, má fi ọ̀kan pamọ́, kí o sì fi ránṣẹ́ sí mi kí oṣù yìí tó parí.

Ìyá rẹ ní kí n kí ọ.

Èmi ni bàbá rẹ.