Kì í ṣe gbogbo ọ̀pá tó kún lójú rédíò ni ohùn rẹ̀ mọ́

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Bí àwọn ọ̀pá kéékèèké ojú rédíò ìgbàlódé bá kún tán, tí ohùn ṣì ń hó ṣìì, ilé-iṣẹ́ rédíò ni ọ̀pọ̀ ènìyàn Kwara máa ń bú. Ó ń dùn wá, nítorí ẹjọ́ kì í sábà jẹ́ tiwọn. Agbára gbogbo ohun tó bá wọlé lórí ìkànnì náà ni ọ̀pá yẹn ń wọ̀n, àti ọ̀rọ̀ àti ariwo. Kì í yà wọ́n sọ́tọ̀.

Rédíò irú Tecsun PL-330 sàn jù, nọ́ńbà méjì ló ń gbé jáde. Èyí tí wọ́n kọ dBµ sí lára ni agbára ìgbì. Èyí tó jẹ́ dB lásán ń sọ bí ohùn ṣe borí ariwo tó. Èkejì yìí ni kí ẹ gbára lé. Bí èkíní bá jẹ́ 45, tí èkejì kò ju 5 lọ, ariwo ló pọ̀ níbẹ̀. Ẹ yọ ṣájà fóònù, ẹ pa gílóòbù LED, ẹ pa ínfátà, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa wo nọ́ńbà kejì. Nígbà tí ẹ bá pa èyí tó ń da ohùn rú, èkíní lè wálẹ̀ nígbà tí èkejì ń gòkè. Kí ẹ má bẹ̀rù: rédíò kò bàjẹ́, ariwo ló kúrò níbẹ̀.

Lórí AM, fífa eriali gígùn kò ràn yín lọ́wọ́. Igi dúdú tí a we wáyà mọ́, tó wà nínú rédíò, ló ń gba ìgbì. Rédíò gan-an ni kí ẹ máa yí títí nọ́ńbà yóò fi gòkè. FM ló nílò eriali: fún Harmony FM 103.5 ní Ìdófìàn, ẹ fà á dé bíi sẹ̀ǹtímítà 72.

Ẹ tún wo ìgbésẹ̀ AM, ìyẹn iye tí rédíò ń fò láti nọ́ńbà ìkànnì kan sí èkejì. 9 kHz ni tiwa, 10 ni ti Amẹ́ríkà. Rédíò tó wà ní 10 á fo láti 610 bọ́ sí 620, kò ní dúró lórí 612 tí a mọ̀ mọ́ Radio Kwara. Ọ̀pá á ṣì máa hàn ní 610, àmọ́ ohùn kò ní já gaara. Àwọn tó ń ta rédíò ní ọjà yẹ kí wọ́n yí i sí 9 kí oníbàárà tó gbé e lọ.

Ní àwọn ìlú tó jìnnà, bíi Òmù-Àrán, bí àmì ST (stẹ́rìò, ohùn tó yàtọ̀ ní etí ọ̀tún àti etí òsì) bá ń tàn tó ń kú, tí ẹ sì ń fi íápíìsì gbọ́ FM, ẹ pa stẹ́rìò. Ìgbì tó lágbára ju ti mónò (ohùn kan náà ní etí méjèèjì) lọ ni stẹ́rìò ń fẹ́ kí ohùn tó mọ́.

Àwa tiyín ní tòótọ́,
Àwọn atúnrédíòṣe, Ọ̀fà, Ìpínlẹ̀ Kwara.