Ìlẹ̀kùn ẹsẹ̀ bàtà méjì

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Bí mo bá ti mọ̀ pé n ó jáde lọ́la, láti alẹ́ òní ni n kì í ti í fẹnu kan omi mọ́. Kì í ṣe ààwẹ̀. Kẹ̀kẹ́ akàndá ẹ̀dá ni mo ń lò láti ọdún méje sẹ́yìn ní Kabba níbí, mo sì mọ̀ pé bí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n mí níta, kò síbi tí n ó gbé e sí.

Lóṣù tó kọjá, ọ̀rọ̀ ìwé kan gbé mi dé ọ́fíìsì ìjọba kan tí n kò ní dárúkọ. Wọ́n ṣe ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ fún kẹ̀kẹ́ níwájú ilé, mo tilẹ̀ ṣàdúrà fún wọn. Àṣé ẹnu ọ̀nà nìkan ni wọ́n rántí. Ìlẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn, ẹsẹ̀ bàtà méjì péré. Kẹ̀kẹ́ tèmi sì fi díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló pọ̀n mí wọlé. Inú ni ìlẹ̀kùn ọ̀hún ń ṣí sí, kò sì ṣeé tì mọ́ nígbà tí àwa méjèèjì ti wọlé. Ni ọmọ náà bá kẹ̀yìn sí mi, ó na apá méjèèjì bí aṣọ ìkélé. Ẹni ọdún 53 ni mí, Olóòtú.

(Gbọ̀ngàn ayẹyẹ kan tiẹ̀ ṣe ọ̀kan tó fẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kó ìgbálẹ̀ àti àga sí, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ẹni tó lọ sóko.)

Ọ̀rọ̀ owó kọ́ o. Ìlẹ̀kùn ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta kò ṣàjèjì sí bíríkìlà wa, òun náà ni wọ́n ń fi sí pálọ̀. Kẹ̀kẹ́ nílò àlàfo tó tó 80 sẹ̀ńtímítà kó tó lè kọjá láìha. Kí ìlẹ̀kùn máa ṣí síta, kí irin ìdìmú wà lára ògiri, kí inú rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún níbùú lóròó kí kẹ̀kẹ́ lè yí. Àwọn ìyá wa tó ń fọ̀pá rìn, tí orúnkún kò jẹ́ kí wọ́n lóṣòó sórí ṣáláńgá ọjà, yóò gbà wọ́n náà.

Oṣù kìíní ọdún 2019 ni Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin tó ní kí a má ya akàndá ẹ̀dá sọ́tọ̀. Ọdún márùn-ún ló fún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń lò, tó ti wà tẹ́lẹ̀, láti ṣàtúnṣe. Ó ti pé láti 2024. Láti Kabba dé Ìsánlú, ẹ bá mi ka èyí tó ti ṣe é.

Kí ìjọba ìbílẹ̀ tàbí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú tó san owó kọ́ńtírátọ̀ tán, kí wọ́n ní kí ẹnì kan tó wà lórí kẹ̀kẹ́ wọlé, kó yí, kó sì ti ìlẹ̀kùn mọ́rí. Mo ṣetán láti wá, n kò ní gba kọ́bọ̀. Kí wọ́n ṣáà ti sọ fún mi ṣáájú, kí n lè mu omi.

Òǹkàwé yín,
Kabba