Kí O Tó Lọ sí Maiduguri

Àjàní ọmọ mi,

Oyún ìyàwó wa ti wọ oṣù karùn-ún, wọ́n sì ti ní kí o máa múra Maiduguri. Ọlọ́run yóò ṣọ́ ọ lọ, yóò ṣọ́ ọ bọ̀. Ṣùgbọ́n kí ọkọ̀ tó gbé ọ kúrò ní Abuja, parí àwọn nǹkan wọ̀nyí.

Ìwé ni kí o kọ́kọ́ dojú kọ. Bí ìgbéyàwó yín kò bá tíì jáde nínú Part Two Orders, ìwé tí iṣẹ́ ológun fi ń kéde ìgbéyàwó àti ọmọ bíbí ológun, lójú iṣẹ́ ológun, àpọ́n ni ọ́. Gbé ìwé ìgbéyàwó lọ sí ọ́fíìsì yúníìtì rẹ, gba ẹ̀dà ohun tí wọ́n bá tẹ̀ jáde, kí o fi í forúkọ ìyàwó rẹ sílẹ̀ lọ́dọ̀ DHML, iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ìlera àwọn ológun. Má fi mọ síbẹ̀ o. Orúkọ lè wà lọ́dọ̀ ìnṣọ́ránsì kó má tíì dé ilé ìwòsàn, nítorí náà kí ó lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀, kí wọ́n wá orúkọ náà níṣojú rẹ̀. Bó bá jẹ́ Ìlọrin lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ló fẹ́ bí i sí, ìsinsìnyí ni kí ẹ pààrọ̀ ilé ìwòsàn. Bí MRS, ilé ìwòsàn kékeré inú bárékè, bá sì fẹ́ fi í ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn ńlá, kóòdù àṣẹ láti ọ̀dọ̀ ìnṣọ́ránsì ni wọn yóò bèèrè. Kí nọ́ńbà ìnṣọ́ránsì wà lórí fóònù tirẹ̀, kì í ṣe tìrẹ nìkan. Bó bá jẹ́ pàjáwìrì, kí wọ́n gbé e lọ ná. Ìtọ́jú ló ń ṣíwájú kóòdù.

Kò gbọdọ̀ pa ọjọ́ àyẹ̀wò jẹ. Ó yẹ kí ó ti lo SP, oògùn tó ń dènà ibà, lẹ́ẹ̀kan báyìí: hóró 3 pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, níwájú nọ́ọ̀sì. Ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni yóò lò ó kí ó tó bímọ, kí oṣù kan sì wà láàárín. Folic acid, oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fún aláboyún, bó bá jẹ́ 5 mg, máa ń dín agbára SP kù, 0.4 mg ni ó sábà máa ń tó. Kí ó bèèrè èyí tí wọ́n ń fún òun. Bí ìfúnpá rẹ̀ bá dé 140/90, tàbí orí ń fọ́ ọ tí kò dẹ̀, tí ojú rẹ̀ ń ṣú, kí ó má sùn sílé mọ́jú. Gìrì lè máa bọ̀ yẹn.

Ẹ̀jẹ̀ ńkọ́? Obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ lè kú láàárín wákàtí díẹ̀. Wá ọ̀rẹ́ rẹ mẹ́ta tí kò bá ọ lọ, kí wọ́n lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò láti mọ èyí tó bá ti ìyàwó rẹ mu. Bí tirẹ̀ bá jẹ́ rhesus negative (irú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń kọ àmì − sí), tí ti ọmọ sì jẹ́ positive, abẹ́rẹ́ anti-D, tó ń dáàbò bo oyún ọjọ́ iwájú, kò gbọdọ̀ kọjá wákàtí 72 lẹ́yìn ìbímọ. Wá ẹni méjì tó ní ọkọ̀ nínú bárékè, nítorí ọkọ̀ ìta kì í rọrùn láti gba géètì kọjá lóru.

Èyí tó ká mi lára jù ni ti àṣẹ. Níbi tí ò ń lọ, fóònù lè má wọlé fún ọjọ́ mẹ́ta. Bí dókítà bá ní iṣẹ́ abẹ ni, kí ìyàwó rẹ fọwọ́ sí i fúnra rẹ̀. Sọ ọ́ lójú ìyá rẹ̀, sọ ọ́ lójú ẹ̀gbọ́n rẹ, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ lóru ọjọ́ náà pé ẹ jẹ́ ká dúró de ọkọ. Fi káàdì báǹkì kan sọ́wọ́ rẹ̀, kí ó mọ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ rẹ̀.

Pè mí bí o bá ti ọ́fíìsì dé lọ́la.

Ìyá rẹ