Sí Àdùkẹ́: Kí Oyún Tó Dé

Ọ̀yọ́ Aláàfin

Àdùkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Inú mi dùn pé ìwọ àti ọkọ rẹ ti ń múra àtibímọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò fẹ́ dúró kí ikùn yọ kí n tó sọ. Ìtọ́jú oúnjẹ aboyún kì í ṣe ohun tí a ń bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí nǹkan oṣù kò bá wá mọ́, nítorí pé láàárín ọjọ́ 28 àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí oyún bá ti dúró ni ìpìlẹ̀ ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ ti máa ń fìdí múlẹ̀, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìyá kò tíì fura rárá.

Nítorí náà, lọ bá nọ́ọ̀sì lọ́sẹ̀ yìí, kí o bẹ̀rẹ̀ sí í lo folic acid, fítámì tó ń dáàbò bo ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ, máíkírógíráàmù 400 lójúmọ́, títí oyún yóò fi pé ọ̀sẹ̀ 12. Bí wọ́n bá ti bí ọmọ tí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ là rí nínú ẹbí ọkọ rẹ, má fi pamọ́ fún nọ́ọ̀sì, torí òṣùwọ̀n tó ju bẹ́ẹ̀ lọ ni wọn yóò kọ fún ọ.

Irú èròjà yìí wà nínú ẹ̀wà tí a fi ń se gbẹ̀gìrì, ó wà nínú tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ tí wọ́n ń kó wá sí ọjà Akẹ̀sán. Àmọ́ a máa ń bọ ẹ̀fọ́ títí, a ó sì fún omi rẹ̀ dànù, bẹ́ẹ̀ omi yẹn ló ń gbé púpọ̀ nínú oore rẹ̀ lọ. Ṣàn án dáadáa, kí o dà á sínú ọbẹ̀ nígbà tó bá kù díẹ̀ kí ọbẹ̀ jinná.

Nígbà tí mo lóyún rẹ, àmàlà ni mo ń jẹ yó, ẹja bíńtín ni mo ń fi sí i, tíì ni mo sì ń mu lé e lórí. Ní oṣù keje, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ mi kò tó. Bàbá rẹ kò lè sùn lóru ọjọ́ náà. Kò sí ẹni tó sọ fún mi pé tíì kì í jẹ́ kí ara gba èròjà irin inú oúnjẹ, tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, dáadáa, àti pé ọsàn ló yẹ kí n fi tẹ̀ lé e. Wọn yóò ní kí o máa jẹ ẹ̀dọ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè pọ̀, ṣùgbọ́n fítámì A inú rẹ̀ pọ̀ débi pé ó lè pa ọmọ inú lára ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Ẹran, ẹja àti ẹyin tó jinná ni kí o gbára lé.

Bí ìyá ọkọ rẹ bá gbé àgbo wá, fi ọ̀wọ̀ gbà á, kí o sì ní nọ́ọ̀sì ní kí o kọ́kọ́ fi han òun. Bí ìrìndò bá dé, máa jẹ díẹ̀díẹ̀ lóòrèkóòrè; bí omi lásán kò bá dúró nínú rẹ, ilé ìwòsàn ni kí o gbà lọ.

Mo ti fi ẹ̀wà olóyin àti ẹja gbígbẹ rán awakọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ sí ọ. Pè mí lọ́jọ́ tí o bá gba oògùn náà.

Èmi ni ìyá rẹ.