Àjàní ọmọ mi

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Àwa náà wà. Ìjì ká páànù yàrá ẹ̀yìn, kápẹ́ńtà ti bá wa kàn án padà.

Ẹ̀gbọ́n rẹ tó wà ní London pè mí. Ó ní o ò gba Ọlọ́run gbọ́ mọ́, síbẹ̀ o máa ń wọ rélùwéè lọ sí Appledore ní Kent, wàá fẹsẹ̀ rìn dé ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan ní Fairfield tó dá dúró láàárín pápá àgùntàn, wàá sì jókòó síbẹ̀ títí. Ṣé o ń sunkún níbẹ̀?

Mo wo fọ́tò tó yà lọ́jọ́ tó sìn ọ́ lọ. Wọ́n pín àga wọn ní yàrá-yàrá, wọ́n kùn ún ní ọ̀dà funfun, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ilẹ̀kùn kékeré tirẹ̀. Ẹ̀yìn orí rẹ nìkan ni mo rí. Ó ní kí wọ́n tó la ọ̀nà síbẹ̀ ní 1913, ọkọ̀ ojú omi tàbí ẹṣin ni wọ́n fi ń lọ tí omi bá kún. Ta ni yóò mọ̀ tí nǹkan bá ṣe ọ́ níbẹ̀? Máa wọ ẹ̀wù òtútù o.

Inú bí mi gan-an. Èmi tí mò ń fi orúkọ rẹ dúpẹ́ níwájú ìjọ lọ́dọọdún, èmi ni mo gbọ́ kẹ́yìn!

Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí a sin bàbá rẹ ni kò jẹ́ kí n sùn. Ọmọ ọdún 11 ni ọ́. O bi mí pé ṣé Ọlọ́run ò gbọ́ àdúrà wa ni. Mo gbá ọ létí lójú èèyàn, mo ní kí o lọ bá wọn kọrin. O kọrin. O ò sunkún, o ò sì bi mí ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ mọ́ títí dòní. Àjàní, dárí jì mí.

N kò sọ èyí fún ẹnì kan rí: ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ abúlé bàbá rẹ, tí wọ́n fi sílẹ̀ nígbà tí wọ́n kọ́ tuntun sẹ́bàá títì, mo máa ń yà síbẹ̀ tí mo bá ti ọjà dé. Àdán ló kù níbẹ̀. Màá gbé agbọ̀n mi sẹ́nu ọ̀nà, màá jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí bàbá rẹ máa ń jókòó sí. N kì í gbàdúrà. Tí mo bá fi máa dìde, ara mi á ti fúyẹ́.

Torí náà n kò ní kí o má lọ mọ́. Àmọ́ tó bá jẹ́ ẹkún lo ń lọ sun, pè mí kí o tó wọlé. Tí o ò bá fẹ́ sọ̀rọ̀, má sọ̀rọ̀. Ṣáà gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, èmi náà á jókòó síbí.

Ìyá rẹ